Kí ẹ̀jẹ̀ wà ní sẹpẹ́: ìbéèrè àti ìdáhùn fún ẹni tó ń gbèrò láti fi ẹ̀jẹ̀ tọrẹ

Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin bímọ lóru, ọmọ ké, gbogbo wa bú sáyọ̀. Kò tó wákàtí kan lẹ́yìn náà tí ẹ̀jẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í ya lára rẹ̀ tí kò dá. Dókítà jáde, ó ní páìntì mẹ́ta ni òun ń fẹ́ kíákíá. Ẹyọ kan ṣoṣo tó bá tirẹ̀ mu ló wà nínú fíríìjì ilé ìwòsàn náà. Mo na apá mi, mo ní kí wọ́n fa tèmi. Ọmọ láàbù wò mí, ó ní, "Bùrọ̀dá, kí n tó fà á, kí n tó yẹ̀ ẹ́ wò fún àrùn, kí n tó dán an wò pẹ̀lú tiwọn, ilẹ̀ á ti fẹ́rẹ̀ẹ́ mọ́." Bí mo ṣe gun ọ̀kadà láti ilé ìwòsàn kan dé òmíràn nìyẹn, kúlà pupa kékeré tí mo yá lọ́wọ́ ìyá tó ń ta omi lẹ́nu géètì wà láàárín itan mi. Ilé ìwòsàn kẹta ni mo ti rí méjì. Ẹ̀gbọ́n mi yè. Ẹni méjì tí n kò mọ̀ rí ló gbà á là, àwọn tó ti lọ fi ẹ̀jẹ̀ wọn sílẹ̀ ní ọjọ́ tí ẹnikẹ́ni kò wá a.

Láti ìgbà náà ni mo ti ń fi ẹ̀jẹ̀ tọrẹ, tí mo sì ń bá wọn kó èrò jọ fún un ní ṣọ́ọ̀ṣì, mọ́sálásí àti ilé ẹ̀kọ́. Àwọn ìbéèrè tí wọ́n ń bi mí jù ni mo kó síbí. Èmi kì í ṣe dókítà. Bí àìsàn kan bá wà lára yín, ẹni tó máa wò yín níbi ìtọrẹ ẹ̀jẹ̀ ló máa sọ bóyá ẹ lè ṣe é.

Ṣé kò sí bí wọ́n ṣe lè ṣe ẹ̀jẹ̀ ní iléeṣẹ́ bíi ti omi dírípù ni?

Kò sí. Wọ́n ń ṣe omi oníyọ̀, wọ́n ń ṣe omi onísúgà, ṣùgbọ́n kò tíì sí iléeṣẹ́ tó ń ṣe ẹ̀jẹ̀ ènìyàn fún ilé ìwòsàn. Ara ènìyàn nìkan ló ti ń wá.

Àwọn tó nílò rẹ̀ kò sì jìnnà sí wa. Ìyá tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ, bíi ti ẹ̀gbọ́n mi, lè ti dákú kí ọkọ rẹ̀ tó rí ọ̀kadà. Ọmọdé tí ibà ti jẹ ẹ̀jẹ̀ ara rẹ̀, tí àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ funfun bí òwú, tó ń mí hẹlẹhẹlẹ. Ẹni tí ọkọ̀ kọlù ní márosẹ̀ Èkó sí Ìbàdàn. Ẹni tó ń gba ìtọ́jú jẹjẹrẹ. Àti àwọn tó ní àrùn fòní-kú-fọ̀la-dìde, tó jẹ́ pé Nàìjíríà ni wọ́n ti pọ̀ jù lágbàáyé. Àwọn ọmọ kan wà nínú wọn tí rọpárọsẹ̀ ti kọlù rí, tí wọ́n ní láti máa gba ẹ̀jẹ̀ ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta sí mẹ́rin síra wọn kó má baà tún kọlù wọ́n. Fún ọmọ bẹ́ẹ̀, ẹ̀jẹ̀ ti di oúnjẹ.

Àjọ ìlera àgbáyé, WHO, gbà pé ó kéré tán, orílẹ̀-èdè gbọ́dọ̀ rí páìntì ẹ̀jẹ̀ kan gbà lọ́dún lórí ọgọ́rùn-ún ènìyàn tó ń gbé inú rẹ̀ kó tó lè bo àìní tó pọn dandan. Àwa ọmọ Nàìjíríà ti lé ní 200 mílíọ̀nù. Páìntì tó lé ní mílíọ̀nù méjì nìyẹn lọ́dọọdún. Ẹ wá ka àwọn tó ń gbé ní ojúlé yín, kí ẹ wo mélòó nínú wọn ló ti ṣe é rí.

Ta ló lè fi ẹ̀jẹ̀ tọrẹ?

Ẹni tó ti pé ọmọ ọdún 18, tí kò ju 65 lọ, tó wọn kílò 50 ó kéré tán, tí ara rẹ̀ dá ṣáṣá lọ́jọ́ náà, tí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ sì tó. Hemoglobin ni wọ́n fi ń mọ̀ bóyá ẹ̀jẹ̀ tó, ìyẹn èròjà tó mú kó pupa tó sì ń gbé afẹ́fẹ́ kiri ara. Ìlànà WHO ni pé ti obìnrin kò gbọdọ̀ dín ní gíráàmù 12 nínú désílítà ẹ̀jẹ̀ kan, ti ọkùnrin kò gbọdọ̀ dín ní 13. Ibòmíràn máa ń béèrè ju bẹ́ẹ̀ lọ díẹ̀.

Àwọn obìnrin máa ń sọ fún mi pé nǹkan oṣù ti ń gba tiwọn, pé ọkùnrin ni kó lọ. Kò rí bẹ́ẹ̀. Obìnrin tí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ bá tó lè fi tọrẹ, kódà bó bá wà lórí nǹkan oṣù lọ́wọ́, bí kò bá ṣe pé inú ń dùn ún tàbí pé ẹ̀jẹ̀ náà ń dà jù.

Kí ló lè mú kí wọ́n ní kí n máa lọ ná?

Ọ̀pọ̀ nǹkan, àmọ́ fún ìgbà díẹ̀ ni púpọ̀ nínú wọn. Bí ibà bá ń ṣe yín, tàbí ẹ ń lo oògùn apakòkòrò lọ́wọ́, ẹ tọ́jú ara yín tán kí ẹ tó wá. Aboyún kò gbọdọ̀ ṣe é, bẹ́ẹ̀ ni ìyá tó ń fún ọmọ lọ́mú. Ó kéré tán kí oṣù mẹ́fà kọjá lẹ́yìn ìbímọ, kí ọmọ sì ti kúrò lẹ́nu ọmú. Bí wọ́n bá ṣẹ̀ṣẹ̀ fa ẹ̀jẹ̀ sí yín lára tàbí wọ́n ṣe iṣẹ́ abẹ fún yín, ẹ sọ ọ́. Ẹni tó ní kòkòrò HIV, tàbí àrùn inú ẹ̀dọ̀ tí wọ́n ń pè ní hepatitis B tàbí C, ẹni tó ní àrùn ọkàn, tàbí ẹni tó ń gún abẹ́rẹ́ insulin nítorí ìtọ̀ súgà, wọn kò ní gba tirẹ̀ rárá.

Èyí tí àwa Yorùbá máa ń fò dá ni gbẹ́rẹ́. Mo wà níbi ètò kan tí ọ̀dọ́kùnrin kan ti dáhùn "rárá, rárá" sí gbogbo ohun tí nọ́ọ̀sì bi í. Ìgbà tó ká ọwọ́ ẹ̀wù sókè kí wọ́n so rọ́bà mọ́ ọn lápá ni a rí i: ìlà wẹẹrẹ mẹ́ta-mẹ́ta lọ́rùn ọwọ́, oògùn dúdú ṣì wà lójú wọn. Nọ́ọ̀sì fi ìka kan án, kò jágbe mọ́ ọn. Ọmọ náà ní, "Màmá, àìsàn kọ́ nìyẹn o, ààbò ni." Òótọ́ ló sọ, ẹnikẹ́ni kò sì bá a jiyàn lórí ààbò. Abẹ tí wọ́n fi sín in ni ọ̀rọ̀ wà lórí rẹ̀. Bí abẹ kan náà bá ti kan ara ẹlòmíràn, ó lè ti kó àrùn wọ inú ẹ̀jẹ̀, àrùn náà sì lè má tíì fara hàn nínú àyẹ̀wò. Ìlànà WHO ni kí ènìyàn dúró fún oṣù 12 lẹ́yìn gbẹ́rẹ́, ilà kíkọ tàbí ara fínfín. Ẹni tó bá ṣe híjáámà, ìyẹn fífi ife fa ẹ̀jẹ̀ lára, pẹ̀lú kí ó sọ ọ́ kí wọ́n tó fà á. Wọ́n ní kí ọmọ yẹn padà wá lọ́dún tó ń bọ̀, wọ́n sì fún un ní málíìtì rẹ̀ bí ti àwọn yòókù.

Àwọn ìbéèrè kan wà tó máa ń tini lójú, pàápàá lórí ìbálòpọ̀. Ẹ̀yin àti nọ́ọ̀sì nìkan lẹ ó jọ wà níbẹ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ sọ òótọ́ fún un. Bí ọ̀rẹ́ ló fà yín wá tí ojú ń tì yín láti yẹ̀ níwájú rẹ̀, ẹ yọ́ ọ sọ fún nọ́ọ̀sì. Ó mọ bó ṣe máa dá yín padà tí ẹnikẹ́ni kò fi ní mọ ìdí.

Kí ni wọ́n máa ṣe fún mi bí mo bá dé ibẹ̀?

Wọ́n á kọ orúkọ yín, wọ́n á wọ̀n yín, wọ́n á yẹ ìfúnpá yín wò, wọ́n á sì bi yín ní àwọn ìbéèrè tí mo sọ yẹn. Lẹ́yìn náà ni wọ́n á gún orí ìka yín, kí wọ́n lè mọ̀ bóyá ẹ̀jẹ̀ tó. Níbi púpọ̀, ife kékeré kan wà lórí tábìlì, omi aláwọ̀ aró ló wà nínú rẹ̀. Wọ́n á kán ẹ̀jẹ̀ yín sí i ní ẹ̀kán kan péré. Bí ẹ̀kán náà bá rì tààrà bí òkúta, ẹ̀jẹ̀ yín tó. Bó bá léfòó, tó ń rìn gbéregbère lójú omi, wọn kò ní fà á lọ́jọ́ yẹn. Mo ti rí àgbàlagbà ọkùnrin tó di èémí mú títí ẹ̀kán tirẹ̀ fi délẹ̀ ife. Ẹ̀rọ kékeré ni ibòmíràn fi ń ṣe é.

Tó bá ti yọrí, ẹ ó dùbúlẹ̀ tàbí ẹ ó fara ti àga. Wọ́n á fi òwú nu ìgbọ̀nwọ́ yín, òwú náà á tutù. Abẹ́rẹ́ tuntun ni, tí wọ́n so mọ́ ọ̀rá ẹ̀jẹ̀ látilẹ̀wá. Ẹ ní ẹ̀tọ́ láti wo bí wọ́n ṣe ń tú u nínú ọ̀rá rẹ̀. Wọ́n á fi bọ́ọ̀lù kékeré kan sí yín lọ́wọ́ pé kí ẹ máa tẹ̀ ẹ́. Fífà gan-an kò ju ìṣẹ́jú márùn-ún sí mẹ́wàá lọ. Ọ̀rá náà máa ń lọ́wọ́ọ́wọ́ bí wọ́n bá fi kàn yín lára. Èyí máa ń ya àwọn tó ń ṣe é fún ìgbà àkọ́kọ́ lẹ́nu, nítorí wọn kì í rántí pé ara ènìyàn gbóná.

Ẹ ó jókòó fún bí ìṣẹ́jú 15 lẹ́yìn rẹ̀, ẹ ó mu málíìtì, ẹ ó jẹ bisikíìtì. Ẹ má sáré dìde.

Ṣé ó ń dunni?

Ó ń tani bí ìgbà tí èèrà bá jẹni, bí abẹ́rẹ́ bá ń wọlé. Lẹ́yìn náà kò sí nǹkan kan. Ojú máa ń ṣú àwọn ènìyàn díẹ̀, àwọn tí kò jẹun wá ló sì pọ̀ jù nínú wọn. Bó bá fẹ́ ṣe yín, ẹ pariwo, wọ́n á gbé ẹsẹ̀ yín sókè, ó máa kọjá.

Ẹ̀jẹ̀ mi kò ní tán báyìí? Àbí mi ò ní rù?

Àgbàlagbà ní bíi lítà ẹ̀jẹ̀ márùn-ún lára. Ohun tí wọ́n ń fà jẹ́ mílílítà 450, kò kún ọ̀rá píọ́wọ́tà kan. Omi inú ẹ̀jẹ̀ náà á ti padà bọ̀ sípò láàárín ọjọ́ kan sí méjì. Sẹ́ẹ̀lì pupa ló máa ń pẹ́, ọ̀sẹ̀ mẹ́rin sí mẹ́jọ, nítorí mùdùnmúdùn inú egungun ló ń rọ wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan, irin inú oúnjẹ ló sì fi ń rọ wọ́n. Nítorí náà ni wọ́n ṣe ní kí ọkùnrin dúró fún oṣù mẹ́ta kó tó tún ṣe é, kí obìnrin dúró fún mẹ́rin.

Kì í mú ènìyàn rù, kì í sì í mú un sanra. Mo ti gbọ́ méjèèjì, nígbà mìíràn lẹ́nu ẹnì kan náà.

Kí ni kí n jẹ?

Ẹ jẹun dáadáa kí ẹ tó wá, ẹ sì mu omi púpọ̀, pàápàá nígbà ẹ̀ẹ̀rùn. Ẹ jẹ́ kí epo inú oúnjẹ náà mọ níwọ̀n, kì í ṣe dòdò àti àkàrà olóròóró ni kí ẹ fi kún inú láàárọ̀ ọjọ́ náà. Lẹ́yìn tí ẹ bá ṣe é tán, ẹ wá ohun tó ní irin nínú: ẹran pupa, ẹ̀dọ̀, ẹja, ẹ̀wà, ẹ̀fọ́ tẹ̀tẹ̀, ṣọkọ. Bí ẹ bá jẹ ọsàn lé e, irin inú ẹ̀fọ́ àti ẹ̀wà á túbọ̀ wọlé sára. Tíì kì í jẹ́ kó wọlé dáadáa, ẹ jẹ́ kó jìnnà díẹ̀ sí àkókò oúnjẹ.

Lọ́jọ́ náà, ẹ má gbé ẹrù tó wúwo, ẹ má gun òkè ilé tàbí àkàbà, ẹ má mu ọtí. Ẹni tó ń gun ọ̀kadà tàbí tó ń wa dánfó, kó sinmi ṣíṣẹ́ títí ilẹ̀ ọjọ́ kejì á fi mọ́.

Mo ń gbààwẹ̀. Ṣé mo lè wá?

Lẹ́yìn ìṣínu ni kí ẹ wá, nígbà tí oúnjẹ àti omi ti délẹ̀ nínú yín. Ohun kan náà ni mo ń sọ fún àwọn tó ń gba ààwẹ̀ ọlọ́jọ́ púpọ̀ ní ṣọ́ọ̀ṣì. Ẹ̀jẹ̀ máa ń ṣọ̀wọ́n ní báńkì lásìkò ààwẹ̀, nítorí náà, ẹ má sọ pé ó di lẹ́yìn ọdún.

Báwo ni mo ṣe máa mọ̀ pé wọn kò ní fi ẹ̀jẹ̀ mi ṣe oògùn owó?

Mi ò ní fi ìbéèrè yìí ṣe yẹ̀yẹ́. A ti gbọ́ ohun tí àwọn ẹni ibi ń ṣe sí ènìyàn nílẹ̀ yìí, ìyá tó bá bẹ̀rù rẹ̀ kò jẹ̀bi. Ohun tí mo lè sọ ni ohun tí mo fi ojú ara mi rí. Nọ́ńbà ló wà lára ọ̀rá ẹ̀jẹ̀ náà, orúkọ yín kò sí níbẹ̀. Omi oògùn kan wà nínú rẹ̀ kí wọ́n tó fa ẹ̀jẹ̀ sí i, òun ni kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ dì. Nọ́ńbà náà ni wọ́n kọ sínú ìwé ńlá nígbà tó wọlé, wọ́n tún kọ ọ́ nígbà tó jáde, pẹ̀lú ilé ìtọ́jú tó lọ. Bí ọ̀rá kan bá sọnù, wọ́n á bi ẹni tó wà lẹ́nu iṣẹ́ léèrè.

Ẹ lọ síbi tí wọ́n mọ̀, bíi báńkì ẹ̀jẹ̀ ilé ìwòsàn ìjọba tàbí ètò tí wọ́n kéde fáyé gbọ́. Ẹni tó bá fẹ́ fa ẹ̀jẹ̀ yín ní kọ̀rọ̀, tàbí tó ń fi owó ńlá fà yín lójú mọ́ra, ẹ sá fún un.

Ọ̀fẹ́ ni mo fi fún wọn. Kí ló dé tí wọ́n tún ń gba owó lọ́wọ́ aláìsàn?

Ìbéèrè tó ń dun àwọn ènìyàn jù nìyí, ó dun èmi náà. Nígbà tí mo kọ́kọ́ rí ìwé owó tí wọ́n gbé fún ọkọ ẹ̀gbọ́n mi, inú bí mi.

Mo wá jókòó ti ọmọ láàbù kan, ó là á yé mi. Ọ̀rá ẹ̀jẹ̀ fúnra rẹ̀, ọjà ni, owó ni wọ́n fi rà á. Wọ́n gbọ́dọ̀ yẹ ẹ̀jẹ̀ kọ̀ọ̀kan wò fún HIV, fún hepatitis B, fún hepatitis C, fún sífílísì. Wọ́n á wo irú ẹ̀jẹ̀ tó jẹ́. Wọ́n á tún dán an wò pẹ̀lú ẹ̀jẹ̀ aláìsàn kí méjèèjì má baà bára wọn jà. Èyí tí àrùn bá wà nínú rẹ̀, wọ́n á dà á nù, owó tí wọ́n ná lórí rẹ̀ á sì wọgbó. Fíríìjì náà kò gbọdọ̀ kú tọ̀sán tòru, ẹ sì mọ bí iná wa ṣe rí. Owó dísù jẹnẹrétọ̀ ń bẹ níbẹ̀. Owó gbogbo iṣẹ́ yìí ni wọ́n ń gbà.

Mo gbà pé ó yẹ bẹ́ẹ̀. Ohun tí n kò gbà ni pé kí owó náà ga ju apá mẹ̀kúnnù lọ, tàbí kí ẹnì kan tún bu tirẹ̀ lé e lábẹ́lẹ̀. Bí wọ́n bá gbé ìwé owó fún yín, ẹ ní kí wọ́n fi hàn yín ohun tí wọ́n ń san an fún lọ́kọ̀ọ̀kan, kí ẹ sì gba rìsíìtì. Mo sì ń fẹ́ kí ìjọba gbé ẹrù yìí kúrò lórí ìyá tó ń ṣẹ̀jẹ̀, pátápátá.

Kí ló burú nínú kí wọ́n sanwó fún ẹni tó fi ẹ̀jẹ̀ sílẹ̀?

Ẹni tí ebi ń pa, tó mọ̀ pé òun á rí owó gbà, kò ní sọ pé òun ní àìsàn. Kò ní sọ pé ọ̀sẹ̀ mẹ́ta sẹ́yìn lòun ṣe é kẹ́yìn níbòmíràn. Ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ á ti ṣàn, kò ní ṣe aláìsàn láǹfààní tó bó ṣe yẹ, òun náà á sì máa rù. Àwọn tó ń jókòó sí ẹnu géètì ilé ìwòsàn, tí wọ́n ń dúró de ìdílé tí ìdààmú bá, irú wọn ni. Ìgbà tí fíríìjì bá ṣófo ni ọjà wọn ń tà.

Wọ́n ní kí ọkọ mi wá fi ẹ̀jẹ̀ sílẹ̀ nígbà tí mo lọ forúkọ sílẹ̀ fún oyún. Ṣé èmi ni wọ́n máa fún?

Rárá. Inú báńkì ni yóò lọ, ẹni tó bá bá a mu ni wọ́n máa fún, bí àkókò tiyín bá sì tó, nínú tàwọn ẹlòmíràn ni wọ́n á mú fún yín. Wọ́n máa ń yẹra fún fífa ẹ̀jẹ̀ ọkọ sára ìyàwó tó ṣì ń bímọ, torí ara ìyàwó lè kọ́ bí yóò ṣe máa bá ohun tó wà nínú ẹ̀jẹ̀ ọkọ jà. Lọ́jọ́ iwájú, ọmọ inú tó bá jogún ohun náà lọ́dọ̀ bàbá rẹ̀ lè fara gbá a. Nítorí náà kí bàbá ọmọ lọ, kó má sì bínú pé ẹlòmíràn ló jẹ àǹfààní rẹ̀.

Irú èrò yìí náà ni mo fi ń dá àwọn tó ń sọ pé ẹ̀jẹ̀ ẹbí ló dára jù lóhùn. Ẹ̀jẹ̀ ẹ̀gbọ́n tàbí àbúrò kò mọ́ ju ti àjèjì lọ. Àyẹ̀wò ló ń sọ èyí tó mọ́. Àwọn dókítà tilẹ̀ máa ń ṣọ́ra fún ẹ̀jẹ̀ ìbátan tímọ́tímọ́, torí ó ṣeé ṣe, bí kò tiẹ̀ wọ́pọ̀, kí sẹ́ẹ̀lì olùfúnni fara pamọ́ sínú ara olùgbà kó sì dojú ìjà kọ ọ́.

AS ni mí. Ṣé ẹ̀jẹ̀ mi wúlò? Kí ni ti SS?

AS lè fi ẹ̀jẹ̀ tọrẹ. Wọn kì í sáàbà fi tirẹ̀ fún ọmọ tuntun tàbí ẹni tó ní fòní-kú-fọ̀la-dìde, ṣùgbọ́n ó wúlò fún ọ̀pọ̀ àwọn yòókù. SS kì í fúnni, òun la ń fún.

Ní ti irú ẹ̀jẹ̀, O ló pọ̀ jù láàárín wa. Karl Landsteiner, ọmọ ilẹ̀ Austria, ló tú àṣírí A, B àti O ní 1901. Kó tó dìgbà náà, bí wọ́n bá fa ẹ̀jẹ̀ sára ènìyàn, àfi kí wọ́n máa gbàdúrà. Ọjọ́ ìbí rẹ̀, 14 Okúdù, ni wọ́n fi ń ṣe ọjọ́ àwọn olùtọrẹ ẹ̀jẹ̀ lágbàáyé láti 2004, ètò sì máa ń pọ̀ lásìkò náà.

Bí wọ́n bá sọ fún yín pé negative ni irú ẹ̀jẹ̀ yín, bíi O negative tàbí A negative (kì í ṣe èsì àyẹ̀wò àrùn), ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi nọ́ńbà fóònù yín sílẹ̀ ní báńkì ẹ̀jẹ̀ tó súnmọ́ yín. Bíi márùn-ún péré nínú ọgọ́rùn-ún wa ló jẹ́ bẹ́ẹ̀. O negative ni dókítà máa ń na ọwọ́ sí nígbà tí kò bá sí àyè láti mọ irú ẹ̀jẹ̀ tí aláìsàn ní. Aboyún tó jẹ́ negative, tí ọmọ rẹ̀ jẹ́ positive, gbọ́dọ̀ gba abẹ́rẹ́ kan tí wọ́n ń pè ní anti-D láàárín wákàtí 72 lẹ́yìn ìbímọ, kí oyún tó máa tẹ̀lé e má baà rí ìṣòro. Inú omi ẹ̀jẹ̀ àwọn ènìyàn ni wọ́n ti ń yọ abẹ́rẹ́ náà. Ọ̀gbẹ́ni James Harrison ní ilẹ̀ Australia, ọ̀kan nínú àwọn tí wọ́n yọ ọ́ nínú omi ẹ̀jẹ̀ wọn, fi ẹ̀jẹ̀ tọrẹ ní ìgbà 1,173, láti 1954 títí di 2018 tó pé ọmọ ọdún 81 tí wọ́n ní ó tó. Nígbà tó wà lọ́mọ ọdún 14, wọ́n ṣe iṣẹ́ abẹ fún un láyà, ẹ̀jẹ̀ àwọn tí kò mọ̀ rí ni wọ́n fi gbé e dìde.

Bí wọ́n bá rí àrùn nínú ẹ̀jẹ̀ mi ńkọ́?

Wọ́n á pè yín ní ìkọ̀kọ̀, wọ́n á bá yín sọ̀rọ̀, wọ́n á sì júwe ibi tí ẹ ó ti gba ìtọ́jú. Àmọ́ ẹ má tìtorí kí ẹ lè mọ ipò yín wá. Bí kòkòrò bá ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ ara, àkókò kan wà tí àyẹ̀wò kò ní rí i, bẹ́ẹ̀ ó ti wà nínú ẹ̀jẹ̀ tí ẹ fẹ́ fún ọmọ ọlọ́mọ. Bí ọkàn yín kò bá balẹ̀ nítorí ohun kan tó ṣẹlẹ̀ láìpẹ́ yìí, ibi àyẹ̀wò HIV ni kí ẹ lọ.

Báwo ni ẹ̀jẹ̀ ṣe ń pẹ́ tó nínú fíríìjì?

Odindi ẹ̀jẹ̀ nínú ọ̀rá tó wọ́pọ̀ lọ́dọ̀ wa máa ń lo ọjọ́ 35, bí òtútù rẹ̀ kò bá kúrò láàárín ìwọ̀n 2 sí 6 lórí Celsius. Níbi tí ẹ̀rọ bá wà, wọ́n lè pín in sí mẹ́ta: sẹ́ẹ̀lì pupa fún ẹni tí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ kò tó, omi ẹ̀jẹ̀ tí wọ́n á mú dì bíi yìnyín tó lè lo ọdún kan, àti platelet tó ń dá ẹ̀jẹ̀ dúró, tí kò lè ju ọjọ́ márùn-ún lọ. Ẹ̀jẹ̀ tí ẹ fi sílẹ̀ lọ́dún tó kọjá kò lè ran ẹnikẹ́ni lọ́wọ́ lónìí. Báyìí ni fíríìjì tó kún lóṣù Okúdù, lẹ́yìn ètò ńlá, ṣe máa ń ṣófo nígbà tí ọ̀pọ̀ jàǹbá ọkọ̀ ń ṣẹlẹ̀ lópin ọdún.

Ṣé ìwà ẹni tó fúnni kì í bá ẹ̀jẹ̀ wọlé?

Kì í bá a wọlé. Ẹ̀jẹ̀ ń gbé afẹ́fẹ́ àti oúnjẹ kiri ara, kì í gbé ìwà. Sẹ́ẹ̀lì pupa tí wọ́n fún ènìyàn náà kì í ju oṣù mẹ́rin lọ kó tó gbó kúrò lára.

Ìlú Ọba tàbí Amẹ́ríkà ni mo wà. Ṣé ọ̀rọ̀ yìí kàn mí?

Ó kàn yín gidigidi. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, NHS Blood and Transplant, àjọ tó ń bójú tó ìtọrẹ ẹ̀jẹ̀ níbẹ̀, ń wá àwọn aláwọ̀ dúdú lójú méjèèjì nítorí irú ẹ̀jẹ̀ kan tí wọ́n ń pè ní Ro. Ó fi ìlọ́po mẹ́wàá wọ́pọ̀ láàárín wa ju láàárín àwọn òyìnbó lọ, òun ló sì bá ọ̀pọ̀ àwọn tó ní fòní-kú-fọ̀la-dìde mu jù. Ọmọ Yorùbá tó ń gba ẹ̀jẹ̀ lóṣooṣù ní Lọ́ńdọ̀nù, ara ẹ̀yin gan-an ló ti ṣeé ṣe jù kí ó rí èyí tó bá a mu.

Nítorí ibà, ẹni tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ ti ilé dé gbọ́dọ̀ dúró fún oṣù mẹ́rin níbẹ̀, wọ́n á sì ṣe àyẹ̀wò ibà fún ẹni tó dàgbà sí Nàìjíríà. Ní Amẹ́ríkà, ẹni tó ṣí wá láti ìlú oníbà máa ń dúró fún ọdún mẹ́ta. Ẹni tó kàn lọ kí ilé máa ń dúró fún oṣù mẹ́ta. Ẹ ṣètò rẹ̀ kí ẹ tó ra tíkẹ́ẹ̀tì: ẹ fi tiyín sílẹ̀ kí ẹ tó wá sílé.

Níbo ni kí n lọ, ìgbà wo ni kí n sì padà wá?

Báńkì ẹ̀jẹ̀ wà ní àwọn ilé ìwòsàn ńlá: ní UCH n'Íbàdàn, ní LUTH ní Ìdí-Àràbà, ní LASUTH n'Íkẹjà, ní OAUTH n'Ílé-Ifẹ̀, ní UITH n'Ílọrin, ní ilé ìwòsàn ìjọba àpapọ̀ l'Ábẹ́òkúta. Àjọ tí òfin 2021 gbé kalẹ̀ láti máa bójú tó ọ̀rọ̀ ẹ̀jẹ̀ ní Nàìjíríà, tí wọ́n ń pè ní National Blood Service Agency báyìí, ní ibùdó ẹkùn wa n'Íbàdàn. Ìjọba ìpínlẹ̀ Èkó ní tirẹ̀ lọ́tọ̀. Ẹ lọ láàárọ̀ ọjọ́ iṣẹ́, lẹ́yìn tí ẹ bá ti jẹun.

Wọ́n á fún yín ní káàdì. Ẹ kọ ọjọ́ tí ẹ ó padà wá sẹ́yìn rẹ̀ kí ẹ tó kúrò lórí àga tí ẹ ti ń mu málíìtì: oṣù mẹ́ta fún ọkùnrin, mẹ́rin fún obìnrin. Tèmi wà lára ògiri kíṣìnnì, lẹ́gbẹ̀ẹ́ kàlẹ́ńdà, níbi tí ọmọ ẹ̀gbọ́n mi máa ń rí i bó bá wá lo ọlidé lọ́dọ̀ wa. Ó ti ń béèrè ìgbà tí òun náà máa pé 18.